Apá Òsì Ìyá Onífìlà

Bí o bá wọ yàrá ìyá àgbà mi ní àdúgbò Umarari ní Maiduguri, ìkíni kan kò tó. Wàá kọ́kọ́ kí Màmá, lẹ́yìn náà wàá kí apá òsì wọn.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Wàá ní, "Ẹ kú ìjókòó, Màmá." Màmá á ní, "O ṣé, ọmọ mi." "Ara ńkọ́?" "Ara le." Wàá rò pé ìkíni ti parí, wọ́n á ṣì máa wò ọ́. Bí o kò bá tíì mọ ohun tí wọ́n ń retí, wọ́n á gbé apá náà kúrò lórí tìmùtìmù díẹ̀, wọ́n á tún rọra gbé e padà, bí ẹni tó ń fi àlejò pàtàkì han èèyàn. Ìgbà yẹn ló máa tó sọ sí ọ lọ́kàn. "Apá ńkọ́, Màmá?" Ojú wọn á wá tú ká. "Apá wà o. Apá sùn dáadáa lánàá."

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ń fi Hausa béèrè: "Yaya hannu, Hajiya?" Màmá á dáhùn pé, "Hannu da sauƙi," pé ara apá ti ń yá. Kódà mẹ́ruwà tó ń fi ọmọlanke ta omi kì í sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ kó tó béèrè apá. Àbúrò mi kan ti Kano dé lọ́jọ́ kan, ebi ń pa á, ó kí Màmá wàràwàrà, ojú rẹ̀ ti wà lára ìkòkò. Màmá ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún un, ṣùgbọ́n kí wọ́n bù ú ní ààbọ̀. Ó ní kí ló dé? Wọ́n ní, "Ẹni tó kí mi tí kò kí apá, ààbọ̀ mi ló kí."

Èmi tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni àkọ́bí nínú àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Irun orí tèmi náà ti funfun, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ tèmi náà ti ń bímọ. Ṣùgbọ́n títí Màmá fi lọ, "ọmọdé yìí" ni wọ́n ń pè mí, bí inú wọn bá sì dùn, wọ́n á pè mí ní Àṣàkẹ́. Ẹ má retí pé n ó ka ọdún ayé wọn láti orí ìbí dé orí ikú. Màmá kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó bá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ilé ìwé. Bó bá ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni n ó ṣe máa sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá fò, ẹ bá mi fò ó.

Rábíátù ni orúkọ wọn. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti fẹ́ wọn wá fún bàbá àgbà mi, tó ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ ní ọjà Maiduguri. Ọkọ ń ta òwú, ìyàwó jókòó ti òwú. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, Màmá ti kọ́ fìlà rírán lọ́dọ̀ aládùúgbò wa kan, Yà Fánnà, obìnrin Kanuri tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń bọ̀ wá dí wa lọ́nà. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ fìlà Borno, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí à ń sáré ṣe. Abẹ́rẹ́ ni, ọwọ́ ni, ojú ni. Ihò wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń fi òwú yí ká, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí fìlà á fi le gbandi, tó máa dúró lórí láìsí pé ẹnikẹ́ni dì í mú. Èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ fìlà kan nígbà òjò, kí ọyẹ́ ṣì bá a lọ́wọ́ rẹ̀.

Àlhájì kan wá láti Galtimari wá gba fìlà rẹ̀. Ó dé e, ó ṣí i, ó tún dé e. Ó ní, "Hajiya, ó fi díẹ̀ tóbi."

"Báwo ni díẹ̀ ọ̀hún ṣe tó?"

Àlhájì fi orí èékánná hàn wọ́n. Màmá gba fìlà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbá orí Àlhájì mú bí ẹni tó fẹ́ ra bàrà lọ́jà, wọ́n ń yí i sọ́tùn-ún, wọ́n ń yí i sósì. Wọ́n fi òwú wọn orí, wọ́n fi òwú kan náà wọn fìlà. "Ojú abẹ́rẹ́ kan ni," wọ́n wí. "Ṣé kí n tú iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe bọ̀ láti ìgbà ọ̀gbìn, nítorí ojú abẹ́rẹ́ kan?"

Àlhájì ní òun fẹ́ kó pé pérépéré ni. Màmá gbé fìlà lé e lórí, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a mọ́lẹ̀ gbá. Wọ́n ní, "Bí nǹkan bá ku ojú abẹ́rẹ́ kan kó pé, Ọlọ́run ti bá wa rán ìyẹn."

Ọ̀rọ̀ apá ló kù.

Ọmú òsì ló kọ́kọ́ ṣàìsàn. Jẹjẹrẹ ni. Èyí ṣẹlẹ̀ kí ìlú tó dàrú. Àwọn dókítà gé ọmú náà, wọ́n sì kó àwọn kókó tó wà lábíyá òsì kúrò pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ ni àrùn náà máa ń gbà sá lọ sí ibòmíràn. Jẹjẹrẹ lọ, kò padà wá. Apá ló fi sílẹ̀ fún wa.

Dókítà tó tọ́jú Màmá jẹ́ ọmọ Èkìtì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn kó tó gbé ọwọ́ lé wọn lára. Ó jókòó ti Màmá, ó fi ìka fa ọ̀nà sí wọn lápá. Ó ní yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, omi kan wà tó máa ń sun sínú ẹran ara, omi tó mọ́ bí omidùn ògì tó ti tòrò. Omi náà ní ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tó gbéra láti orí ìka, tó gba ọrùn ọwọ́ kọjá, tó gba ìgbọ̀nwọ́, tó wá já sí abíyá. Abíyá ni àwọn kókó wà, wọ́n rí róbótó bí ẹ̀wà. Àwọn ló ń yẹ omi yìí wò, tí wọ́n ń mú kòkòrò àrùn inú rẹ̀, kí wọ́n tó jẹ́ kó kọjá lọ sí ìdí ọrùn, níbi tó ti ń padà bá ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ti kó kókó kúrò, omi lè ṣàìrí ọ̀nà lọ mọ́. Á dúró. Apá á wú. Ó lè ṣẹlẹ̀ kíákíá, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó sì lè má ṣẹlẹ̀ rárá.

Màmá gbọ́ ọ tán. Wọ́n bi dókítà léèrè ọ̀rọ̀ kan: "Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀. Omi tìrẹ yìí, ta ló ń tì í?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Kò ní ọkàn tirẹ̀, Màmá. Ẹran apá fúnra rẹ̀ ló ń fún un lọ, bí apá bá ti ń ṣiṣẹ́."

Ìdáhùn yìí gan-an la gbàgbé kí a tó délé. Ohun tí a kò gbàgbé ni èèwọ̀. Apá yìí kì í gba abẹ́rẹ́. Kì í ru ẹrù. Kì í wọ ẹ̀gbà tó bá há. Iná kò gbọdọ̀ jó o, ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ bù ú, ẹ̀fọn kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Màmá tí kò gba àṣẹ lẹ́nu ọkọ rí, wọ́n wá ń pa òfin dókítà mọ́ bí ẹni tó ń gba ààwẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó fẹ́ dì í mọ́ apá òsì. Màmá lé ọwọ́ rẹ̀ dànù bí ẹni lé adìẹ: "Ìyẹn ti fẹ̀yìn tì! Lọ bá ọ̀tún, ọ̀tún ló ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́."

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá bá apá náà dá májẹ̀mú. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí àwọn ọkùnrin bá ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, Màmá á fa òwú yọ, wọ́n á fi wọn apá ọ̀tún lókè ìgbọ̀nwọ́, wọ́n á fi èékánná mú ibi tó pin sí, wọ́n á wá gbé òwú kan náà lọ sí òsì. Bí ó bá dọ́gba, a ó jẹ ẹran lọ́jọ́ náà. Bí kò bá dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín nínú ilé. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju ọ̀kan náà lọ, wọ́n sì ń sọ ọ́ létí gbogbo wa: "Apá méjì tó dọ́gba ni mo gbé wáyé, méjì tó dọ́gba ni n ó gbé padà. Ẹ kò ní sin mí bí ẹni tó jí iṣu gbé sápá aṣọ."

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ṣe sí apá náà. Nílé tiwa, nǹkan tó bá níyì kì í ṣiṣẹ́. Àgbà kì í pọnmi, àgbà kì í gbálẹ̀, ìjókòó ni iyì àgbà. A sì sọ apá di àgbà. A rán tìmùtìmù fún un. Àwọn ọmọdé ń fẹ́ ẹ. Bí Màmá bá nawọ́ sí ife omi pẹ́nrẹ́n, gbogbo ilé á pariwo: "Màmá, apá! Ẹ fi sílẹ̀!" Àwọn àtọmọdọ́mọ wọn tí Hausa yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ á máa ké pé, "Kàká, hannu! Kàká, hannu!" pé ìyá àgbà, apá o! Fìlà tí wọ́n ń rán lọ́wọ́ wọnú àpótí. Kò pẹ́, apá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bó ṣe ń wú ni a ń bọ̀wọ̀ fún un, bí a sì ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un ló ń wú.

Ìgbà náà ni àwọn agbéṣùmọ̀mí wá da ìlú rú. Ọ̀nà dí, òfin kónílé-ó-gbélé dé, kò ṣeé ṣe láti jáde bó ṣe wuni. Nígbà tí a máa fi rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ dókítà ọmọ Èkìtì, apá Màmá ti kún apá aṣọ fọ́fọ́. Dókítà fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka kù síbẹ̀ bí ẹni tẹ ìyẹ̀fun tí a pò. Ó béèrè ohun tí apá ń ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́.

"Ó ń jókòó ni," Màmá wí pẹ̀lú ìgbéraga. "Kì í ṣe nǹkan kan."

"Màmá, ta ló ní kó jókòó?"

Màmá wò mí. Mo wolẹ̀. Dókítà ní ẹrù tó wúwo ni òun kà léèwọ̀, òun kò ka iṣẹ́ léèwọ̀. Ó ní apá tí kò bá mira, inú rẹ̀ ni omi ń tẹ́ ẹní sí. Kí wọ́n máa di ìkúùkù, kí wọ́n máa tú u. Kí wọ́n máa gbé e sókè. Kí wọ́n fi òróró pa á. Kí wọ́n fi báńdéèjì wé e láti orí ìka lọ sókè.

"Fìlà ńkọ́?" Ohùn Màmá ti rẹlẹ̀. "Ṣé ó lè rán fìlà?"

"Bí ẹ bá fi nǹkan bo orí ìka kí abẹ́rẹ́ má gún un, kó máa rán an, Màmá. Ó dára fún un."

Ẹ ò bá rí wọn. Ìdérí ìka irin, èyí tí wọ́n fi ń ṣe àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ yẹ̀yẹ́ láti ọdún gbọ́nhan, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n rà á. Wọ́n ní bí orí Àlhájì bá lè dé fìlà, orí ìka náà lè dé tirẹ̀. Wọ́n gbé fìlà jáde nínú àpótí, wọ́n ju tìmùtìmù sí mi, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ń rántí ní gbogbo òwúrọ̀ tó bá ń wù mí kí n má dìde: "Àgbà tó bá jókòó jù, omi á kún un."

Ó tó àsìkò kí n mú Yà Fánnà wọlé wàyí.

Ọ̀rẹ́ ni Màmá àti Yà Fánnà, ìyẹn ni pé kò sí ọjọ́ tí wọn kì í jà. Yorùbá ni Màmá fi ń bú, Kanuri ni Yà Fánnà fi ń dá a padà, Hausa ni wọ́n fi ń parí ìjà. Nígbà tí apá wú yìí, Yà Fánnà ní ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni. Omi ló wà nínú rẹ̀ àbí? Kí wánzàmì wá sín in ní gbẹ́rẹ́, kó fi ìwo fa omi jáde, kó tán. Wánzàmì ni onígbàjámọ̀ tó ń fá orí, tó ń dábẹ́, tó sì ń fi ìwo màlúù fa ẹ̀jẹ̀ àìsàn. Màmá ní rárá. Yà Fánnà kò bá wọn jiyàn mọ́. Lọ́jọ́ kejì ni a rí i tí òun àti wánzàmì ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọkùnrin náà jókòó, ó tẹ́ aṣọ, ó to abẹ àti ìwo rẹ̀ kalẹ̀ létòlétò. Màmá fún un lómi mu. Wọ́n kí i, wọ́n kí ilé rẹ̀, wọ́n ní àwọn ìwo rẹ̀ dán.

Yà Fánnà ní, "Nà án sí i, Rábí. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ni."

"Fánnà, bí ìwo bá wù mí, màlúù ni n ó rà."

"Orí kunkun rẹ ló ń wú, kì í ṣe apá!"

"Bó bá jẹ́ orí ni, fìlà tí o kọ́ mi kò ní gbà mí mọ́ nìyẹn."

Wánzàmì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Màmá kò rẹ́rìn-ín. Dókítà ti kìlọ̀ pé awọ apá yìí ni ògiri tó kù fún un. Bí ojú ọgbẹ́ bá ṣí níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, kòkòrò àrùn á wọlé, kò sì sí kókó kan tó máa dá a dúró lábíyá. Apá á pọ́n, á gbóná, ara gbogbo á sì tẹ̀ lé e. Màmá kọjú sí wánzàmì, wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Lásìkò náà, kò sí ilé tí kì í ti ilẹ̀kùn kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n ní, "Ilẹ̀kùn tí ẹ fẹ́ ṣí sí mi lápá yìí, ta ni yóò bá mi ṣọ́ ọ?"

Wánzàmì ronú díẹ̀, ó kó ìwo rẹ̀. Kí ìrìn rẹ̀ má bàa já sí asán, ó fá orí gbogbo ọmọdé inú ilé kó tó lọ. Yà Fánnà bínú, kò wọlé wa mọ́. Ṣùgbọ́n kò yé fi abọ́ bìrìsíkò, ọkà tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́, tí wọ́n sè bí ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé, ránṣẹ́. Màmá á jẹ ẹ́ tán pátá, wọ́n á wá ránṣẹ́ padà: "Ẹ sọ fún un pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀."

Nínú ọdún wọ̀nyẹn, Maiduguri di ìlú ṣẹ́kípọ́ìntì. Láti ilé wa dé ilé ìwòsàn, o ò lè rìn jìnnà kí o tó bá sójà, iyanrìn inú àpò àti igi tí wọ́n fi dínà. Èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ nápẹ́ẹ̀pù, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á fi ẹsẹ̀ rìn kọjá. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa. Màmá nìkan ni inú wọn ń dùn, nítorí dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé apá sókè. Wọ́n á kọjá tán, apá á ṣì wà lókè. Sójà kan ní, "Hajiya, ya isa, ó ti tó, ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀." Màmá ní àwọn kò tíì ṣe tán.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ dókítà ti wá yé wọn pátápátá. "Àṣàkẹ́," wọ́n ní, "àwọn kókó abíyá, sójà ni wọ́n. Omi ni ọkọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ láti ìka gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò. Wọ́n wá kó sójà lọ, wọ́n sì dí ọ̀nà. Kí ni àwọn ọkọ̀ máa ṣe? Wọ́n á tò sẹ́yìn títí dé Ngomari." Mo ti gbọ́ àlàyé apá yìí lẹ́nu oríṣiríṣi dókítà, n kò tíì gbọ́ èyí tó yé mi jù ú lọ.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọyẹ́ mú, eruku bo ìlú. Inú ọ̀sẹ̀ náà ni ẹnì kan ti gbé ohun burúkú pamọ́ sábẹ́ híjáàbù ní ẹ̀yìn ìlú. Inú ilé la wà tí a fi gbọ́ ìró bọ́ǹbù náà. Èmi àti Màmá ń lọ sí ilé ìwòsàn. Apá ti wú díẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Màmá sì ti fi báńdéèjì kún báńdéèjì, ó nípọn bí ìrọ̀rí. Híjáàbù ńlá bò ó. Àwọn sójà tí a bá ní ṣẹ́kípọ́ìntì kì í ṣe àwọn tó mọ̀ wá. Ọmọdékùnrin tó wà níwájú, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù tán.

Màmá gbé ọwọ́ sókè. Afẹ́fẹ́ fẹ́ híjáàbù, ó lẹ̀ mọ́ wọn lára, ìhà òsì sì yọ gọngọ.

"Tsaya!" Sójà náà ti na ìbọn. "Mama, no move! Wetin dey there?"

Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà wó lulẹ̀. Èmi fẹ́ sáré síwájú. Màmá kò wẹ̀yìn. "Àṣàkẹ́, dúró síbẹ̀. Apá mi ni, kì í ṣe tìẹ."

Wọ́n dá sójà lóhùn ní Hausa: "Hannu ne. Ọwọ́ ni."

"Wetin dey inside?"

Màmá kì í parọ́. "Ruwa," wọ́n ní. Omi.

Ọ̀rọ̀ náà kò mú kí ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀. Ìyá àgbà mi, tó jẹ́ pé yàtọ̀ sí dókítà, ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí kò rí ìgbọ̀nwọ́ wọn rí láti ìgbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé, wá fi ọwọ́ ọ̀tún ká híjáàbù lé èjìká. Wọ́n gbé apá òsì sókè kí gbogbo ayé rí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú báńdéèjì. Wọn kò yára. Ó ń tú, ó ń bọ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé e, ó nà lọ sí ọ̀dọ̀ sójà bí ìrù ẹṣin. Ó tún ń tú. Àwọn tó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan láti ilẹ̀ béèrè pé, "Hajiya, ṣé kò ní parí ni?" Nígbà tó yá, apá yọ: ó funfun díẹ̀, òróró ń dán lára rẹ̀, ojú báńdéèjì hàn lára rẹ̀ bí ilà. Màmá di ìkúùkù, wọ́n tú u, wọ́n tún dì í.

"Ṣé o rí i?" Màmá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Wọ́n sọ fún un nípa jẹjẹrẹ, nípa kókó, nípa ọ̀nà omi. Wọ́n ní, "Àwọn bíi tìrẹ ló wà lábíyá mi tẹ́lẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ. Ìdí tí ọ̀nà fi dí nìyẹn."

Sójà náà sọ ìbọn kalẹ̀. Ó nu ojú. "Sorry, Mama. Sorry. Make una dey go."

"Lọ bí ti báwo?" Màmá fi apá hàn án. "Ta ló máa bá mi wé e?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mi ló ṣe. Màmá ní kó gbé ìbọn kọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n kó báńdéèjì tí afẹ́fẹ́ ti gbé lọ, wọ́n gbọn eruku rẹ̀, wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Láti orí ìka ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kó fún díẹ̀ nísàlẹ̀, kó dẹ̀ bó bá ṣe ń lọ sókè, kí omi má bàa rò pé ìsàlẹ̀ ni ọ̀nà. Ọmọ náà fà á bí ẹni ń fa okùn ìfami.

"A hankali!" Màmá jágbe mọ́ ọn. "Rọra! Apá ni, kì í ṣe àgbò Iléyá!"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín bẹ́. Àwọn tó wà nílẹ̀ dìde, wọ́n gbọnra, wọ́n sì di dókítà lójú ẹsẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ kan ní kò fún tó. Obìnrin kan ní ó ti fún jù. Sójà náà ń làágùn nínú ọyẹ́. Nígbà tó parí, Màmá yí apá wò, wọ́n ní ó gbìyànjú.

A padà wọ kẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọwọ́ ọ̀tún wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì nawọ́ òsì, èyí tí à ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n fi di ọ̀tún mú títí ó fi jẹ́ẹ́. Wọ́n ní, "Má sọ fún Fánnà o."

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Màmá ti ránṣẹ́ pe Yà Fánnà wá, wọ́n sì ti sọ fún un fúnra wọn. Mo gbọ́ ọ láti inú ilé ìdáná. Sójà kan ti di ogún, ìbọn ti di ọkọ̀ ogun. Yà Fánnà sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó bú Màmá ní Kanuri, ó ní kí wọ́n kó báńdéèjì wá. Láti ọjọ́ náà, Yà Fánnà ló ń di ìdí báńdéèjì mú ní àràárọ̀, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ ìwo mọ́. Ní ti sójà ọ̀hún, títí tí wọ́n fi gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ìkíni tirẹ̀ pé: "Mama, good morning. How hand?"

Apá rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Fìlà ń tinú rẹ̀ jáde. Jímọ̀ kan á dára, Jímọ̀ kejì á burú, òwú kò sì dọ́gba mọ́ rí. Màmá kò yé wọ̀n ọ́n. "Ó ń bọ̀," wọ́n máa ń wí. "Ó ń bọ̀."

Ọ̀sán ni wọ́n lọ, lórí ìjókòó, fìlà lórí itan, ìdérí ìka ṣì wà lórí ìka.

Èmi àti obìnrin tó ń wẹ òkú ní mọ́ṣáláṣí wa la jọ wẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yìn Yà Fánnà kò tẹ̀ mọ́. A gbé àga fún un síbi ilẹ̀kùn. A wẹ ọ̀tún tán. Obìnrin náà gbá apá òsì mú, ó fẹ́ nà án, ó fà á. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là: "Ẹ rọra! Apá ni..."

"...ba rago ba," Yà Fánnà bá mi parí rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe àgbò.

Obìnrin náà wò wá bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, nítorí à ń sunkún, à ń rẹ́rìn-ín. Yà Fánnà tú etí aṣọ rẹ̀, ó fa òwú fìlà jáde níbẹ̀, ó nà án sí mi. "Òní Jímọ̀ ni," ó ní. "Wọ̀n ọ́n."

Mo fi òwú yí ọ̀tún ká lókè ìgbọ̀nwọ́. Mo fi èékánná mú ibi tó pin sí. Mo gbé e lọ sí òsì. Mo wò ó, mo tún un wò. Ẹnu òwú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"Yà Fánnà," mo ní, "ó ku ojú abẹ́rẹ́ kan."

Yà Fánnà nu ojú rẹ̀. Ó gba òwú lọ́wọ́ mi, ó ká a mọ́ ìka.

"Ẹ wẹ̀ ẹ́ lọ," ó ní. "Ọlọ́run ti bá wa rán ìyẹn."